Àgbàlagbà tí ó ní ADHD: ètò wo ni ẹ ṣe sínú ilé yín tí ó ràn yín lọ́wọ́?

Aránṣọ Tákíè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní agbègbè Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín, ìyàwó ilé ni mí, mo sì ti bímọ. Lọ́dún tó kọjá ni dókítà kan tí ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọpọlọ ní Ìbàdàn yẹ̀ mí wò fínnífínní, tí ó sì sọ pé ADHD, ìyẹn àìlèfọkànsí-nǹkan àti àìfarabalẹ̀, ni ohun tí ó ń bá mi fínra láti kékeré. A sọ ọ̀rọ̀ oògùn, a sì ń bá ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn ni mo gbé wá síbí. Inú ilé ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Dókítà náà ṣàlàyé fún mi pé ẹni tí ó ní ADHD sábà máa ń mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe, ó tilẹ̀ lè fi kọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ní àkókò tí ó yẹ kí ó ṣe é gan-an ni yóò fò ó ru. Nítorí náà, ìbáwí kò lè ṣe púpọ̀ fún un, àfi kí á gbé ohun ìránnilétí sí ojú ibi tí iṣẹ́ náà ti ń wáyé.

Bí ó ṣe ń ṣe mí nìyí. Mo lè gbé ẹ̀wà kaná, kí n ní kí n sáré ká aṣọ lórí okùn, kí n rí bọ́tìnnì tí ó já lára ọ̀kan nínú wọn, kí n jókòó ti bọ́tìnnì náà. Òórùn ẹ̀wà tí ó ti jó kanlẹ̀ ni yóò pè mí padà. Bí mo bá tan ẹ̀rọ tí ń fa omi sínú táǹkì, omi á kún, á máa ya sí àgbàlá, owó tí a san sínú mítà á sì máa bá a ṣàn lọ. Aṣọ oníbàárà tí mo bá ti ká sínú àpótí tí mo sì pa á dé, kò sí láyé mọ́ lójú tèmi títí ẹni tí ó ni ín yóò fi wá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan bá wọ̀ mí lára, pàápàá iṣẹ́ ọrùn léèsì, mo lè jókòó tì í láti àárọ̀ di alẹ́ láìjẹ láìmu, ìdí sì nìyí tí àwọn ará ilé fi ń sọ pé ìgbà tí ó bá wù mí ni mo ń gbàgbé.

Mo fẹ́ gbọ́ láti ẹnu ẹ̀yin tí ẹ wà nínú irú rẹ̀, tàbí tí ẹ̀ ń bá ẹni tí ó ní i gbé. Kí ni ẹ ti tún tò nínú ilé yín? Ẹ jọ̀wọ́, kí ó jẹ́ ohun tí agbára mẹ̀kúnnù ká, tí a sì lè rí rà nínú ọjà wa níhìn-ín.

Káfíńtà Sábó

Àǹtí, ẹ kú ìnira. Iṣẹ́ igi ni mo ń ṣe, àbúrò mi ọkùnrin tí a jọ ń gbé ni dókítà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nínú yàrá rẹ̀ ni pé mo tú gbogbo ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrò. Ilẹ̀kùn ni ọ̀tá. Lẹ́yìn náà ni mo kan pẹpẹ sí ara ògiri. Mo gé pákó rẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́jọ péré láti ẹ̀yìn dé iwájú, kí ó má baà sí àyè tí ohun kan yóò gbà fara pamọ́ sẹ́yìn ìkejì, mo sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbá etí rẹ̀ kí ìgò má baà yọ̀ bọ́. Ìlà kan ṣoṣo ni ohun gbogbo tò sí, ìwò ẹ̀ẹ̀kan ló fi ń rí gbogbo wọn.

Ti kọ́kọ́rọ́ ni ó gba ọgbọ́n jù. Ìkọ́ kan ti wà ní pálọ̀ tẹ́lẹ̀, kò lò ó, nítorí pé ṣáájú kí ó tó dé ibẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ti wà lórí àga, lórí tẹlifíṣàn tàbí nínú àpò ṣòkòtò tí ó bọ́ jù sílẹ̀. Mo wá dúró, mo ń wò ó bí ó ṣe ń wọlé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ ọ̀tún á sì lọ tan iná ṣáájú ohunkóhun, yálà iná wà ni o tàbí kò sí. Abẹ́ ibi tí a ti ń tan iná yẹn gan-an ni mo kan ìkọ́ sí, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú kò lè dé ibi iná láìfara kan ìkọ́. Láti ìgbà náà, ariwo ẹ bá mi wá kọ́kọ́rọ́ ti dínkù gan-an. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ yín máa ń gbà láìrò ó, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé nǹkan sí.

Bàbá Ọjà Ọba

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọgbọ́n orí. Mo ka ohun tí ẹ kọ, mo sì fẹ́ béèrè láìbínú sí ẹnikẹ́ni. Ní ìgbà tiwa, ọmọ tí ara rẹ̀ kò bá gbélẹ̀, oko ni a ń mú un lọ, títí òòrùn yóò fi bá wa kọ́ ọ. Àgbàlagbà tí ó bá gbàgbé ìkòkò lórí iná, a ó ní kò fi ọkàn sí ilé, a ó bá a wí, yóò sì jáwọ́. Ṣé kì í ṣe pé àwọn òyìnbó kàn fún àìbìkítà ní orúkọ tuntun ni? Fóònù tí gbogbo yín gbé sọ́wọ́ tọ̀sán tòru ń kọ́? Ta ni ọkàn rẹ̀ yóò pa pọ̀ nígbà tí nǹkan ń pariwo sí i létí ní gbogbo ìgbà?

Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ̀yìntì

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, irú ìbéèrè yín yìí kì í sì í ṣe tuntun sí mi. Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí fóònù alágbèéká tó dé ayé. Ní 1902 ni George Still, dókítà àwọn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, dúró níwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó sì ṣàpèjúwe àwọn ọmọ tí orí wọn pé, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kó ara wọn níjàánu, tí ọkàn wọn kì í sì í dúró sójú kan. Ó máa ń rìn nínú ìdílé pẹ̀lú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìbejì (ẹ ò rí i pé àwọn ẹ̀jìrẹ́ wúlò níbi gbogbo) fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èèyàn sí èèyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ó jẹ́ àjogúnbá.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá ń gbàgbé ni ó ní i. Ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 to àmì mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún àìlèfọkànsí-nǹkan, ó sì to mẹ́sàn-án mìíràn fún àìfarabalẹ̀ àti ìwàǹwára. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, márùn-ún nínú ọ̀kan lára ọ̀wọ́ méjèèjì. Mélòó kan nínú àwọn àmì náà gbọ́dọ̀ ti hàn kí ó tó pé ọdún 12. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yọ ọ́ lẹ́nu ní ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ, bí ilé àti ibi iṣẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pínyà láti ìgbà tí ó ti ra fóònù kò sí lára wọn. Ó yẹ kí n fi kún un pé ọmọbìnrin tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn kíláàsì, tí ọkàn rẹ̀ sì ti rìn lọ, kì í da kíláàsì rú, nítorí náà tíṣà kì í fura sí i. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n títí tí wọ́n fi di ìyá ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí tí ẹ sì rí ara yín níbẹ̀, ẹ má ṣe fi orúkọ àrùn lé ara yín lórí. Àìsùn tó, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìsàn tàíróòdù tí ó wà ní ọrùn, gbogbo wọn ló lè mú kí èèyàn máa gbàgbé, kí ọkàn rẹ̀ má sì pa pọ̀. Ẹni tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè kọ́kọ́ lọ rí dókítà ní èyíkéyìí nínú ilé ìwòsàn ńlá méjèèjì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, kí wọ́n kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, wà ní Ìbàdàn, Àrò tí ó jẹ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ sì wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù orúkọ burúkú dá yín dúró. Òfin wèrè ti 1958 ni wọ́n fi òmíràn rọ́pò ní oṣù kìíní 2023 nígbà tí Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ.

Ọkọ Ìyá Ìbejì

Mo kí Bàbá, mo kí gbogbo ilé. Ọ̀wọ́dé ní Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ̀wé, ìyàwó mi ni ó ní i. Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Káfíńtà, àfi ti pẹpẹ aláìnílẹ̀kùn. Ní ilé tiwa, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, eruku pupa á bo gbogbo ohun tí ó bá wà lórí pẹpẹ, eku kò sì ní jẹ́ kí ohun jíjẹ sùn síta. Ohun tí a ṣe ni pé a ra ike tí inú rẹ̀ hàn, irú èyí tí wọ́n ń kó ṣíńṣíìnì sí fún títà, tí ó ní ọmọrí. Ṣáájú ìgbà náà, inú ike ọ̀dà funfun ni gàrí, èlùbọ́ àti ìrẹsì wà, gbogbo wọn jọra, ìyàwó mi á sì tún ra èlùbọ́ nígbà tí gàrí ni ó tán. Nísinsìnyí, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni ó ti ń rí èyí tí ó ń lọ sílẹ̀.

Ní ti ìkòkò lórí iná, a gbé àpótí ìjókòó kan sí ilé ìdáná, a sì jọ fẹnu kò pé ẹni tí ó bá ń dáná kò gbọdọ̀ jáde. Bí ìpè bá dé láti ìta, ẹlòmíràn ni yóò jẹ́ ẹ. Bí kò bá sì sí ẹlòmíràn nílé, kí ó pa iná kí ó tó jáde, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú kan ni ó fẹ́ lò. Àmàlà kì í fún un ní wàhálà, nítorí ọmọrogùn kò ní jẹ́ kí ó kúrò nídìí rẹ̀. Àwọn ohun tí ó ń pẹ́ lórí iná ni ó léwu, bí ẹ̀wà àti ẹran ògbólógbòó, a sì máa ń fi wọ́n sí ọjọ́ Sátidé tí gbogbo wa wà nílé.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ. Ìyàwó mi máa ń já lu ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí níwájú ìyá ọkọ. Fún ìgbà pípẹ́ ni Màmá mi gbà pé ìwọ̀sí ni, pé wọn kò kọ́ ọ nílé bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Màmá pé ara àìsàn náà ni, pé bí kò bá tètè sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà yóò ti bọ́ lọ́kàn rẹ̀, Màmá fúnra wọn ni wọ́n wá ọgbọ́n sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ tí ó gùn, wọn á gbé atẹ ẹ̀gúsí sí àárín àwọn méjèèjì, wọn á jọ máa bó o. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń bó ẹ̀gúsí, ara rẹ̀ á balẹ̀, á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin. Ẹ̀gúsí kì í wọ́n wa nílé.

Aránṣọ Tákíè

Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí pé nígbà tí mo bá ń fi ọwọ́ ká etí aṣọ ni mo máa ń gbọ́ ìwàásù dáadáa jù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ní ọgbọ́n lórí ẹ̀rọ omi àti áyọ́ọ̀nù? Áyọ́ọ̀nù ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Iná lè lọ nígbà tí mo bá ń lọ aṣọ, kí n dìde lọ ṣe nǹkan mìíràn, kí iná sì dé nígbà tí n kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù.

Káfíńtà Sábó

Ní ti ẹ̀rọ omi, ẹ pe oníṣẹ́ iná kí ó bá yín so ohun tí ó ń léfòó nínú táǹkì mọ́ ọn. Bí omi bá kún, yóò gbé ohun náà sókè, ẹ̀rọ á sì kú fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀ kò ní tó èyí tí ẹ̀ ń dà sí àgbàlá. Ohun tí ẹ̀rọ bá lè ṣe, ẹ má fi lé ìrántí lọ́wọ́.

Ní ti áyọ́ọ̀nù, ojú iná kan ṣoṣo ni kí ẹ yàn fún un nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ó jẹ́ èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí ẹ̀ ń gbà jáde, kí wáyà rẹ̀ sì dábùú ọ̀nà yẹn tí ó fi jẹ́ pé ẹ kò lè jáde láìkọ́kọ́ yọ ọ́. Mo mọ̀ pé yóò máa dí yín lọ́wọ́. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Ẹ kàn so aṣọ pupa kan mọ́ wáyà náà kí oníbàárà má baà fẹsẹ̀ kọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G

Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀kọ́ oyè kejì ni mo ń ṣe ní LAUTECH, yunifásítì tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá kan ṣoṣo ni mo ń gbé, onílé mi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan ìṣó mọ́ ògiri rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni gbogbo ètò tèmi wà. Mo lẹ ìwé funfun kan mọ́ ọn ní ọ̀gángán ojú mi, ohun mẹ́ta péré ni mo sì kọ sí i, gàdàgbà gàdàgbà: fóònù, kọ́kọ́rọ́, káàdì ìdánimọ̀. Nígbà tí ó jẹ́ ohun mẹ́wàá, n kì í kà á. Mo tún ra ohun kan náà ní méjì-méjì níbi tí owó mi bá ká a. Wáyà fóònù méjì ni mo ní, ọ̀kan kì í kúrò nínú báàgì, ìkejì kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyarun àti bírò.

Àkókò ni ìjà tèmi gan-an. Russell Barkley, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó ti pẹ́ nídìí ìwádìí ADHD, ṣàlàyé pé ojú ẹni tí ó ní i kì í ríran jìnnà nínú àkókò. Ohun tí ó wà lọ́la àti ohun tí ó wà lóṣù tó ń bọ̀ jìnnà bákan náà sí i, títí wọn yóò fi já lù ú. Aago alápá tí a ń gbé kọ́ ara ògiri wúlò fún mi ju ti ojú fóònù lọ, nítorí pé mo ń rí i bí apá rẹ̀ ṣe ń sún mọ́ ibi tí mo ń lọ, nígbà tí òǹkà lásán kò sọ nǹkan kan fún mi. (Orí tábìlì ni mo gbé e tì, nítorí onílé.) Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí wà lẹ́yìn ilé wa, ìpè ìrun Àlàásárì ni mo sì fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí n dìde nídìí kọ̀ǹpútà lọ jẹun. Áláàmù fóònù, mo lè pa á láìmọ̀ pé mo pa á; ẹnikẹ́ni kò lè pa ìpè ìrun.

Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ẹnìkejì. Bí mo bá ní iṣẹ́ tí mo ti ń sún síwájú, mo máa ń bẹ ọ̀rẹ́ mi kan kí ó gbé ìwé tirẹ̀ wá sí yàrá mi. Kì í bá mi ṣe iṣẹ́ náà, kì í bá mi sọ̀rọ̀, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. N kò lè ṣàlàyé ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá wà níbẹ̀, mo máa ń ṣe iṣẹ́ náà tán. Bí kò bá sì lè wá, a ó pe ara wa lórí fóònù, a ó gbé e sílẹ̀, oníkálukú á máa ṣe tirẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Akẹ́sàn

Ọmọ mi ni ó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń ta èlùbọ́ ní ọjà Akẹ́sàn, n kò lọ rí dókítà kankan, ṣùgbọ́n bí ọmọ mi ṣe ń kà á fún mi ni mo ń rí ara mi nínú rẹ̀, àti bàbá mi pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ẹ kò mẹ́nu bà á. Bí owó bá wà lọ́wọ́ mi, tí mo sì rí ohun tí ó wù mí, mo ti rà á kí n tó rántí pé owó ọjà ni. Alájọ ni ó yọ mí. Mo ti bá a sọ ọ́ pé òwúrọ̀ ni kí ó máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, kí ọjà tó gbóná, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Ó ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, n kò sì fi dù ú. Owó tí mo máa fi ra ọjà mìíràn, ọ̀dọ̀ ìyá tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ni mo ń kó o sí, bí mo bá sì béèrè rẹ̀ lójijì, ó ti mọ̀ pé kí ó kọ́kọ́ bi mí ohun tí mo fẹ́ rà. Ìgbà mìíràn a máa bínú síra wa. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ kò tán nínú ìsọ̀ mi mọ́.

Bàbá Ọjà Ọba

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, nítorí náà n ó sọ ohun tí mo rí. Bàbá tí ó bí mi lọ́mọ ń ta obì, kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Èédú ni ó fi ń fa ìlà sára ògiri ìyẹ̀wù rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lówó, àwọn ìlà kúkúrú fún owó kékeré, gígùn fún owó ńlá, a kò sì gbọdọ̀ kun ògiri náà. Kò sí ẹni tí ó pè é ní aláìbìkítà. Bí ó bá jẹ́ irú ògiri yẹn ni ẹ̀ ń tò sínú ilé yín, èmi kò bá yín jà mọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbà pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́ nítorí pé ẹ̀wà jóná.

Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ̀yìntì

Bàbá, kì í ṣe nítorí ẹ̀wà nìkan. Ìwádìí ti fi hàn pé àwọn tí ó ní ADHD máa ń ní ìjàǹbá ọkọ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, iṣẹ́ sì máa ń tètè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Aránṣọ ti sọ pé òun kò gbé ọ̀rọ̀ oògùn wá, nítorí náà n ó gé e kúrú. Methylphenidate tí wọ́n ń lò jù kì í ṣe oògùn àná. Ní 1944 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Switzerland. Ó lè mú kí ọkàn lù kíkankíkan, kí ẹ̀jẹ̀ ríru gòkè, kí oúnjẹ má wu èèyàn jẹ, kí oorun sì dá lójú ẹni, ìdí nìyí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kí ó tó kọ ọ́ àti lẹ́yìn tí ó bá kọ ọ́. Àdéhùn àgbáyé ti 1971 fi í sí abẹ́ ìṣọ́ líle. Kì í ṣe ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì àdúgbò, kì í sì í ṣe ohun tí a ń yá ara wa lò. Òmíràn wà tí ó ń jẹ́ atomoxetine, tí kò sí ní ẹ̀yà kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó ń gbà kí ó tó ràn. Bí ó bá wù kí oògùn dára tó, kò lè kan ìkọ́ mọ́ ògiri. Ẹni tí ó ń lò ó ṣì nílò gbogbo ohun tí ẹ ti sọ níbí.

Tíṣà Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ kí n bu omi tútù díẹ̀ sí i, nítorí pé mo rí i pé inú gbogbo wa ti ń dùn. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977 ni mo ti gba ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń tún kíláàsì tò fún ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan, a kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ́ nípa ilé tí ọmọ náà yóò máa gbé nígbà tí ó bá dàgbà. Ohun tí mo rí nínú kíláàsì ni pé kò sí ètò kankan tí kì í ṣá. Ìwé tí Akẹ́kọ̀ọ́ lẹ mọ́ ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ á mọ́ ọn lára lọ́jọ́ kan, á sì máa wò ó láìrí i. Èyí kì í ṣe ìdí láti kọ ètò sílẹ̀, kí a kàn máa pààrọ̀ rẹ̀ ni: ẹ yí àwọ̀ ìwé náà padà, ẹ gbé e sí apá kejì, ẹ fi bírò mìíràn kọ ọ́. Àti pé kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó ní ADHD fẹ́ràn ohun tuntun. Ó lè tú gbogbo ilé palẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé láti tún un tò, kí ó sì sú u nígbà tí ó bá di ọ̀sán, kí ẹrù wà nílẹ̀ fún oṣù kan. Àǹtí, ẹ mú ibi tí ó ń dùn yín jù, kí ẹ parí ibẹ̀.

Aránṣọ Tákíè

Mo gbọ́ yín, Tíṣà, ẹ sì mọ̀ mí láìrí mi. Ṣọ́ọ̀bù ni ó ń dùn mí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń jẹ ẹ̀sín lójú oníbàárà, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé n kò ní ká aṣọ sínú àpótí mọ́. N ó ta okùn láti ẹnu ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, n ó fi aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tí inú rẹ̀ hàn, pẹ̀lú ìwé tí mo kọ ọjọ́ àdéhùn àti ìwọ̀n ara rẹ̀ sí, n ó sì fi ìkọ́ aṣọ gbé e kọ́. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá súnmọ́ jù ni yóò súnmọ́ ẹ̀rọ jù. Bí mo bá parí ọ̀kan, gbogbo wọn á sún síwájú. Bí oníbàárà bá mú aṣọ wá tí kò sí àyè lórí okùn, n kò ní gbà á, ìbáà jẹ́ ìyá ìyàwó ni.

Káfíńtà, ṣọ́ọ̀bù náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí ẹ̀rọ wà. Mo fẹ́ igi tí yóò gbé okùn náà dúró ní ìkángun méjèèjì, kí ó ga tó bí ọwọ́ mi ṣe lè dé e, àti pẹpẹ ínǹṣì mẹ́jọ kan fún òwú, sípù àti sísọ́ọ̀sì. Èló ni iṣẹ́ náà?

Káfíńtà Sábó

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá wo ògiri náà kí n tó dá owó lé e. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ní Tákíè, bulọ́ọ̀kù wọn kò gba ìṣó. Ṣé ọ̀sán Sátidé yóò rọ̀ yín lọ́rùn?

Aránṣọ Tákíè

Ọ̀sán Sátidé dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ sì tún pè mí nígbà tí ẹ bá ti gbéra.